A Kì Í Ṣe Oore Tán Ká Lóṣòó Tì Í: Ìtàn Àwo Kérésì Láti Myra Dé Akówọnjọ

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè ń bó, tí eruku ń bo aṣọ tí a sá sórí okùn, a ti mọ̀ pé Kérésì ti kanlẹ̀kùn nìyẹn. Láti Dópẹ̀mú títí wọ Akówọnjọ, títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ó rí báńà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi. Ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ jọra wọn: ẹ̀yin opó, ẹ̀yin aláìní, ẹ wá gba ìrẹsì, ẹ wá gba aṣọ. Àwòrán ẹni tó ń fúnni á tóbi gbàgàdà, àwòrán àpò ìrẹsì á wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i, àbí?

N kò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì fún ẹlẹ́bi lóúnjẹ ṣe ohun tó dára, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú báńà. Ṣùgbọ́n kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó dúró nílẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti ń sọ pé a kì í ṣe oore tán ká lóṣòó tì í. Jésù náà kìlọ̀ ohun tó bá èyí mu nínú ìwàásù orí òkè, pé bí a bá ń ṣe ìtọrẹ àánú, kí á má fun fèrè síwájú ara wa. Òwe wa àti ìkìlọ̀ yẹn pàdé lójú kan.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ tọpa nínú ìtàn rèé: báwo ni ìfúnni ṣe di ara ọdún Kérésì? Báwo ni àwọn tó ṣáájú ṣe ń ṣe é? Ibo ni nǹkan sì ti yà, tí òkú fi wá ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ ọdún?

Ẹni tó ju owó sójú fèrèsé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Kérésì. Kí wọ́n tó sọ ọ́ di bàbá onírùngbọ̀n òwú tó ń jókòó nínú ihò páálí, tí àwọn òbí ń sanwó kí ọmọ tó lè rí i, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Nicholas. Bíṣọ́ọ̀bù ni ní ìlú Myra ní ọ̀rúndún kẹrin. Ilẹ̀ Tọ́kì ni ìlú náà wà lónìí, Demre ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí.

Ìtàn sọ pé ọkùnrin kan wà nítòsí rẹ̀ tó ti lówó rí, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wá ṣófo. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyàwó ló ń kó owó lọ bá ọkọ, kì í ṣe bíi tiwa tí ọkọ ń san owó orí. Kò sówó, nítorí náà kò sí ọkọ. Baba ti ń rò ó pé òun á jẹ́ kí wọ́n lọ máa fi ara wọn ṣòwò. Nicholas gbọ́. Ó dúró di òru, ó di wúrà sínú aṣọ, ó sì jù ú gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ àkọ́kọ́ rí ọkọ fẹ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, baba ò sùn mọ́, ó ń ṣọ́ fèrèsé. Ó sáré tẹ̀ lé e, ó mú un, ó wólẹ̀ fún un. Kí ni Nicholas sọ? Ó ní kó búra pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kò bá Nicholas láyé, nítorí náà n kò ní kí ẹ mú gbogbo rẹ̀ bí ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn èèyàn bá fẹ́ràn láti máa sọ ń fi ohun tí wọ́n kà sí ìwà rere hàn. Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ẹni tó fẹ́ fún. Ó mọ ẹni náà, ó sì mọ ohun tó ń dùn ún. Ó sì bo ojú ẹni náà láṣìírí, nítorí ọlọ́lá tó di òtòṣì ni, ojú á tì í bí ayé bá gbọ́. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé wọn níwájú.

Ìjà oúnjẹ ló bí díákónì

Ọjọ́ kejì Kérésì tún wà ńbẹ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, tí à ń pè ní Boxing Day. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ń jà ni. Rárá o, àpótí ni wọ́n ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olówó máa ń fún ìránṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti sìn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní ẹ̀bùn, àpótí ni wọ́n sì ń pe ẹ̀bùn náà. Òfin wọn ti ọdún 1871 sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, ọjọ́ Sítéfánù ni ọjọ́ yẹn. A mọ Sítéfánù sí ẹni tí wọ́n sọ lókùúta pa. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án sí ni a kì í sábà rántí: iṣẹ́ pínpín oúnjẹ! Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn dá bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́. Ẹ ò rí i pé láti ilẹ̀ ni wàhálà pínpín ti wà. Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí àwọn opó wá tò sẹ́nu ọ̀nà kí alágbára kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí wọ́n lórúkọ rere, tí wọ́n gbọ́n, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Sítéfánù ló ṣáájú nínú orúkọ wọn. Ibẹ̀ ni ìjọ ti mú iṣẹ́ díákónì jáde. Èyí fi hàn pé bí a ṣe ń pín nǹkan ò kéré sí ohun tí à ń pín.

Badagry àti Ìbàdàn: ẹni tó wá fúnni ló kọ́kọ́ gbà

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry. Adúláwọ̀ ni baba rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé Badagry lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì, Henry Townsend ti CMS ti dé síbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ọdún náà ni. Kérésì tí ìwé ìtàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí nìyẹn.

Ta ló fún ta ní nǹkan ní Kérésì yẹn? Lójú tèmi, àlejò ni àwọn méjèèjì. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn Sàró, ìyẹn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Freetown, ni wọ́n sì pè wọ́n wá. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ti kọ̀wé láti Badagry ní 1841 pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Àwọn tó wá fúnni ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà.

Ó tún hàn ketekete ní Ìbàdàn. David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé ibẹ̀ ní 1853, wọ́n kọ́lé sí Kúdẹtì. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ó fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé àti Akínyẹlé, kí wọ́n kọ́ wọn níwèé. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Àwọn tọkọtaya yìí ló ń fún wọn lóúnjẹ àti aṣọ, owó ìjọ láti òkè òkun ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860.

Ọ̀nà dí. Ẹ̀gbá dí tiwọn, Ìjẹ̀bú dí tiwọn. Kò sí lẹ́tà, kò sí owó, kò sí ẹrù láti Èkó. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀nà ò tíì là. Àwọn òyìnbó méjì yìí wá ń ta ẹrù ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Nígbà tí ẹrù tó ṣe é tà tán, àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n wá wàásù fún ló wá ń fi owó ẹyọ àti oúnjẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láti ṣàánú fún “àwọn kèfèrí” wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí oúnjẹ! Ní 1865 ni Glover, gómìnà Èkó, tó rán Captain Maxwell gba ọ̀nà tuntun lọ mú Anna jáde. Ara rẹ̀ ò le mọ́ nígbà náà. Ó kú ní 1870.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí ìtàn yìí ni pé òun ló sọ ohun tí ìrẹ̀lẹ̀ jẹ́ gan-an fún mi. A máa ń sọ pé ọwọ́ olóore ló ń wà lókè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í dúró sókè títí láé. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun náà lè wálẹ̀ lọ́la kò ní fi èyí tó wà lókè lónìí júwe ẹnìkejì fún aráyé.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Anna kúrò ní Ìbàdàn, ní 1895, Fadá Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta. Ó wà níbẹ̀ lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn àti adẹ́tẹ̀ títí ó fi kú ní 1933. Ilé ìwòsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe oore ọjọ́ kan lọ́dún ni tirẹ̀.

Ọmọ iléèwé ni wọ́n

Ẹ jẹ́ ká yà sí Paris díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1833, Frédéric Ozanam jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òfin ní yunifásítì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àríyànjiyàn kan, bíi tiwa yìí náà ni. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, wọ́n á gbè sẹ́yìn ìjọ. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí kò gba tiwọn gbọ́ bi wọ́n pé: ìjọ yín ti ṣe dáadáa láyé àtijọ́, a gbà, kí lẹ̀ ń ṣe nísinsìnyí?

Ìbéèrè yẹn ta á bí ata. Kò dáhùn pẹ̀lú àròkọ. Òun àti àwọn mélòó kan kóra jọ nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n sì lọ bá Sister Rosalie Rendu, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó mọ ojúlé àwọn òtòṣì ní àdúgbò Mouffetard. Obìnrin yìí ò ní kí wọ́n pe àwọn òtòṣì wá. Ó fún wọn ní orúkọ àti ojúlé, ó ní kí wọ́n lọ kí wọn nílé. Bí Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó ti tàn káàkiri ayé, tó fi mọ́ àwọn ìjọ Kátólíìkì tiwa níbí. Títí dòní, lílọ sílé ẹni ni òpó iṣẹ́ wọn, wọn kì í sì í pariwo orúkọ ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́. Póòpù John Paul Kejì kéde Ozanam ní ẹni ìbùkún ní 1997.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni Joseph McFee ti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà gbà ní 1891. Ó fẹ́ se oúnjẹ Kérésì fún àwọn tálákà San Francisco, kò sówó. Ó gbé ìkòkò kan síta níbi tí àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá. Ẹni tó fẹ́ á ju owó sí i, á máa lọ. Ta ló mọ ẹni tó fi kọ́bọ̀ sí i, ta ló mọ ẹni tó fi dọ́là? Ẹgbẹ́ yẹn dé Èkó ní 1920.

Àwo tí a dé

Ẹ wá jẹ́ ká padà wálé, sí Akówọnjọ. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo Alímọ̀ṣọ́ yìí. Oko ni tẹ́lẹ̀, kí Èkó tó kún àkúnya tí àwọn èèyàn sì ń wá ilẹ̀ tí kò wọ́n kọ́lé sí. Àwọn tó dé kì í ṣe ẹbí kan náà. Ìjẹ̀bú ló wà ní yàrá àkọ́kọ́, Ìgbò ní ìkejì, ará Ọ̀yọ́ ní ìkẹta, Ẹdó lápá ẹ̀yìn. Ilé “face-me-I-face-you” ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí mo bá sì pe orúkọ àdúgbò náà, ó ń dún létí mi bíi “a kó wọn jọ”. Ẹ má bi mí bóyá ibẹ̀ ni orúkọ ti wá, etí akéwì ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nínú irú ilé wọ̀nyẹn, àwo ni Kérésì. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá á bu ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ sínú àwo tánganran, á fi ẹran adìẹ lé e, á fi àwo mìíràn dé e, á sì fi aṣọ bò ó. Ọmọ ló máa gbé e. “Ẹ kú ọdún o, mọ́mì mi ní kí n gbé e fún yín.” Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀. Alájì tó wà lápá ọ̀tún á gbà á, á ṣàdúrà, á wá owó fún ọmọ, nítorí pé ojú ń tini láti dá àwo padà lófìfo. Bó bá di Iléyá, ẹran àgbò á gba ọ̀nà yẹn kan náà padà wá. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkan pé ẹ̀sìn wo lo ń ṣe kí o tó jẹun.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n tó wà nínú ìdérí yẹn. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye ẹran tó wà nínú àwo ẹnìkejì. Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ni pé gbogbo yàrá ló ń gba àwo, lánlọ́ọ̀dù ń gbà, tísà ń gbà, opó ń gbà. Bí gbogbo ilé bá gba àwo, ta ló máa mọ yàrá tí wọn ò ti dáná lọ́jọ́ náà? Ẹni tí ebi ń pa jẹun, kò sì sẹ́ni tó pè é ní aláìní. Ìyá wa ò ka ìtàn Nicholas, àmọ́ ohun tí Nicholas lo òru fún ni ìyá wa fi ìdérí ṣe. Ó rán ẹsẹ̀ lọ sílé ẹni, ó mọ ẹni tó ń fún, ó sì bò ó láṣìírí.

N kò fẹ́ parọ́ fún yín o. Nígbà mìíràn, àwo lánlọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ jáde, òun náà ló sì máa ń ní itan adìẹ. Ẹni tí ẹ bá jà nínú oṣù Kọkànlá lè má rí àwo rárá. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wá. Síbẹ̀, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, kò sí ilé tó fẹ́ kí wọ́n pa òwe yẹn mọ́ òun.

Nígbà tí àwo di báńà

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àkọ́kọ́, a pọ̀ jù. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan l'Ékòó tó kà tó bẹ́ẹ̀. Ìkejì, ilé oníyàrá ń wó, ilé onígéètì ń dìde, ọmọ tó gbé àwo á dúró síta máa kan géètì. Ìkẹta, ọwọ́ ò ká ìrẹsì mọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, nǹkan gbówó lórí débi pé nígbà tí Kérésì 2024 fi máa dé, àpò ìrẹsì kan ti ń sún mọ́ ₦100,000. Ẹni tó ń bu àwo mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ò lè bu méjì.

Ní báyìí, àwọn ìjọ ńlá ló gba iṣẹ́ náà ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sì pọ̀. Ìjọ Rídíìmù, tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ ní 1952, máa ń rán àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní àkókò Kérésì láti lọ wàásù, kí wọ́n sì fi nǹkan tọrẹ láàárín àdúgbò. Ní Ìkòtún, lọ́dọ̀ tiwa ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, T.B. Joshua, tó kú ní oṣù Kẹfà 2021, fún àwọn opó àti àwọn aláàbọ̀ ara ní ìrẹsì àti owó fún ọ̀pọ̀ ọdún, Emmanuel TV sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ayé. Àríyànjiyàn lórí ọkùnrin yìí pọ̀, kì í ṣe òun ni mo fẹ́ yanjú. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní bí ayé ò bá rí i, ta ló máa fi tirẹ̀ kún un? Àti pé ẹni tó dáwó fẹ́ mọ ibi tí owó òun lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ opó tó wà nínú fọ́nrán. Owó táṣẹ́rẹ́ yẹn á tán lóṣù kan, àwòrán rẹ̀ á sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà.

Ìtìjú nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ tọrẹ fún àwọn aláìní ní Port Harcourt. Èrò ya wọ géètì, èèyàn 31 kú. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ṣe fàájì ọdún ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ìyẹn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ọmọdé 35 ni wọ́n tẹ̀ pa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n tẹ èèyàn 10 pa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Maitama, Abuja, àti èèyàn tí ọlọ́pàá kà tó 22 ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, nítorí ìrẹsì ọdún. Àwọn tó jí ní ìdájí láti lọ gba oúnjẹ Kérésì ò padà wálé mọ́.

N kò ní àwọn tó ṣètò rẹ̀ fẹ́ pànìyàn. Púpọ̀ nínú wọn, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ebi tó wà nílùú ló pọ̀ ju géètì lọ, ọwọ́ ìjọba sì wà nínú ebi yẹn. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: ní gbogbo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, wọ́n ní “ẹ wá” ni. Nicholas ò pe ẹnikẹ́ni wá. Sister Rosalie fún àwọn ọmọ iléèwé ní ojúlé. Ìyá wa rán ọmọ pẹ̀lú àwo. Nígbà tí olóore bá jókòó sílé rẹ̀ tó ní kí òtòṣì wá bá òun, alágbára ló ń débẹ̀, arúgbó àti ọmọdé ló ń ṣubú. Àìní ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn lásán, ó lè di òkú nílẹ̀. A kó wọn jọ, a ò mọ̀ wọ́n.

Ẹnìkan á ní ta ló lè máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láàárín èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù? Kò sí ẹnìkan tó lè ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ta ló ní kí ẹnìkan ṣe é? Ọkùnrin méje ni wọ́n yàn ní Jerúsálẹ́mù. Ìjọ kọ̀ọ̀kan l'Ákówọnjọ ní ìpàdé inú ilé, àdúgbò ní ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ìyá alákàrà ìdí òpópónà mọ ẹni tó ti ń rà láwìn láti oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá pín àpò ọgọ́rùn-ún sí ọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ nínú náílọ̀n dúdú, kò sí èrò, kò sí géètì, kò sì sí òkú. Ohun tí a máa pàdánù kò ju àwòrán lọ.

Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó ní owó àpò wa ò tó gaàrí. Ozanam náà ò lówó. Jésù wo ọ̀pọ̀ olówó tó ń fi owó sínú àpótí tẹ́ńpìlì, opó tó fi kọ́bọ̀ méjì sí i ló yìn. Ó sì dára láti kíyè sí i pé kò pe opó náà wá síwájú kí gbogbo ìjọ rí i. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ fún.

Bí a bá wá lọlé fún ọdún, ilé kan á wà ní àdúgbò tí èéfín kì í ti í jáde mọ́. A mọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bu díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bù fún wa, ká dé e, ká gbé e lọ fúnra wa. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó rán wa, ká ní ọdún ló rán wa.

Mo fi èyí ṣe ìdágbére:

Dé àwo yẹn kó o tó jáde,
má jẹ́ kí ojú ọ̀nà ka ẹran inú rẹ̀.
Bó o bá kanlẹ̀kùn, kúnlẹ̀,
ẹni tó ń gbà á lónìí lè bù fún ọ lọ́la.
Bó o bá sì gbé e kalẹ̀ tán, máa bọ̀ nílé,
oore ò nílò ẹ̀ṣọ́.

Ọdún á yabo o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.